Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ìtàn Bàálù 5N-MAS tí Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Méjì Já Bọ́ Lójú Òfúrufú

ÌFÁÁRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Ògiri amọ̀ ni ojú àwọn tí ó pa òwe yìí ń wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò pin sí ara ilé nìkan. Ohunkóhun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ kọ́, ìbáà ṣe afárá, ìbáà ṣe ọkọ̀ ojú omi, ìbáà ṣe ọkọ̀ tí ń fò lójú sánmà, ó ní ibi tí ó lè gbà lanu. Bí ẹnu náà bá ṣí tí a kò tètè rí i, aláǹgbá yóò wọlé. Nígbà náà ni a óò wá mọ̀ bóyá àwọn tí ó wà nínú ilé gbọ́n, tàbí wọn kò gbọ́n.

Ní ìlú Warri, ní Ìpínlẹ̀ Delta, ariwo bàálù kì í mú ọmọdé sáré jáde wá wòran mọ́. Ìlú epo ni Warri. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni hẹlikópítà ti ń gbé òṣìṣẹ́ lọ gbé e bọ̀ ní agbègbè ẹnu odò Ọya, níbi tí ẹrẹ̀ àti omi kì í jẹ́ kí mọ́tò rìn. Ní ọdún 1978 ni ilé-ìfọpo ìlú náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1999 ni pápákọ̀ òfúrufú Osubi, tí ilé-iṣẹ́ Shell kọ́ sí ẹ̀yìn ìlú, di ibi tí àwọn bàálù akérò ń bà sí. Láti ìgbà náà, Ìtsẹkírì tí èdè rẹ̀ bá Yorùbá tan, Ùròbò, Ìjọ, Yorùbá àti àlejò gbogbo ń wọ bàálù ní Osubi lọ sí Èkó tàbí Àbújá. Oníṣòwò wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì wà níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá jókòó sínú bàálù ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ẹgbẹ́ ènìyàn méjì lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ kìíní ni àwọn atukọ̀ tí ó jókòó níwájú. Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn tí ó yẹ bàálù náà wò kí ó tó gbéra, tí èrò kì í rí lójú. Ìtàn tí ó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti bàálù kan tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ó sì ń bọ̀ wá sí Nàìjíríà, nígbà tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ kejì kùnà tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ kìíní sì yọ ènìyàn márùn-ún nínú ikú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìtàn náà, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò kú níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí: ariwo ikú a máa dún rékọjá ilẹ̀, ìròyìn ìgbàlà a sì máa parí sí ìloro.

BÀÁLÙ NÁÀ ÀTI ÀWỌN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Boeing 707 ni irú bàálù náà. Ọdún 1958 ni ilé-iṣẹ́ Pan American ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ kó èrò, òun ni ó sì sọ ìrìn àjò òkè òkun di ọ̀rọ̀ wákàtí mélòó kan dípò ọ̀sẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní àwọn ọdún 1970, Nigeria Airways náà fi 707 ná Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lọ kàwé nígbà náà ni ó sì bá a lọ. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, àwọn bàálù tuntun tí kì í jẹ epo púpọ̀ ti gba ipò rẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Àwọn 707 àtijọ́ wá di ẹrù títà. Àwọn oníṣòwò ní Áfíríkà àti ibòmíràn rà wọ́n ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n yọ àga èrò kúrò nínú wọn, wọ́n sì sọ wọ́n di akẹ́rù.

Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ 5N-MAS. Gbogbo bàálù tí a bá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni àmì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Ọdún 1964 ni wọ́n kọ́ ọ, Pan American ni ó sì kọ́kọ́ lò ó. Nígbà tí ó di ọdún 1992, ó ti pé ọdún 28 láyé, ó sì ti fò ju 60,000 wákàtí lọ. Trans-Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ọmọ Nàìjíríà, ni ó ń lò ó láti fi kó ẹrù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ọdún 1992, bàálù yìí gbéra ní Luxembourg. Kano ni ó ń bọ̀, ẹrù tí ó sì wà nínú rẹ̀ tó 38 tọ́ọ̀nù. Ènìyàn márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀. Ingemar Berglund, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ni ọ̀gá atukọ̀. Martin Emery, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni igbákejì rẹ̀. Terry Boone ni ẹni tí ń ṣọ́ àwọn ẹ́ńjìnnì, nítorí pé ní ayé 707 ẹni kẹta máa ń jókòó lẹ́yìn àwọn atukọ̀ méjèèjì láti máa wo aago epo, ti iná mànàmáná àti ti ẹ́ńjìnnì. Àwọn méjì yòókù ni mẹkáníìkì kan àti ẹni tí ń bójú tó ẹrù.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ẹ́ńjìnnì 707 ṣe jókòó. Mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n sì so wọ́n rọ̀ sábẹ́ apá bàálù, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Láti apá òsì ni a ti ń kà wọ́n: ìkíní àti ìkejì wà lósì, ìkẹta àti ìkẹrin wà lọ́tùn-ún. Ìkẹta ni ó súnmọ́ ara bàálù, ìkẹrin sì ni ó jìnnà sí i. Òpó irin kékeré kan ni ó so ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan mọ́ apá, ìdè irin bíi mélòó kan ni ó sì di òpó náà mú. Ẹ́ńjìnnì kan tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méjì. Ìwọ̀n yìí ni àwọn ìdè náà ń gbé, àwọn náà ni wọ́n sì ń gba gbogbo ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń ti bàálù síwájú, láti ìgbà tí bàálù bá gbéra títí di ìgbà tí ó bá bà.

Bàálù 5N-MAS ń gòkè lọ lórí ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní nǹkan bí 29,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè, nígbà tí ó kó sínú ìjì tí ó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ní agbègbè òkè ńlá Alps ni èyí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti máa ń rú bí omi òkun. Lójijì, àwọn atukọ̀ gbọ́ ìró ńlá méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn. Lójú ẹsẹ̀, bàálù fì sí ọ̀tún, ó sì fẹ́ dorí kodò. Ẹ́ńjìnnì ìkẹta ti já. Ìdè inú ni ó kọ́kọ́ ṣẹ́, nítorí náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà ń lọ, ìta ni ó fì sí, ó sì lọ gbá ìkẹrin, ó gbá a já. Ẹ́ńjìnnì méjì jábọ́ sí ilẹ̀ Faransé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo ipò tí bàálù náà wà. Apá òsì ní ẹ́ńjìnnì méjì tí ń tì í síwájú. Apá ọ̀tún kò ní ìkankan. Ohun tí a bá tì láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo kò lè lọ tààrà, yíyí ni yóò máa yí. Ọmọlanke tí táyà rẹ̀ kan há, ẹ̀gbẹ́ tí ó há ni yóò máa fà sí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì tí ó já ti ya iwájú apá ọ̀tún, nítorí náà apá náà kò lè gbé ìwọ̀n bàálù bí ó ti yẹ mọ́. Ojú-ọ̀nà epo ti ṣí sílẹ̀, wáyà iná mànàmáná ti já, apá kan nínú ètò tí ń fi ipá omi epo ti àwọn ohun ìdarí sì ti bàjẹ́.

IṢẸ́ ỌWỌ́ ÀWỌN ATUKỌ̀

Ohun kìíní tí Berglund ṣe ni pé ó gba bàálù lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí ń wà á fúnra rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dì í mú. Ó yí ìdarí sí òsì, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ohun tí ń darí ìrù bàálù, títí ọkọ̀ náà fi dúró ní ọ̀gbọọgba. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan. Láti ìgbà náà títí wọ́n fi balẹ̀, bí ó bá tú ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, bàálù yóò tún yí padà ni.

Ohun kejì ni pé wọ́n wá ìdí ohun tí ó ṣe wọ́n. Emery na ọrùn wo ojú fèrèsé ọ̀tún, ó sì rí i pé ẹ́ńjìnnì méjèèjì kò sí mọ́. Ó lè dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ẹ́ńjìnnì kú, ọ̀tọ̀ ni kí ó já. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, apá bàálù ṣì lè wà ní pípé. Bí ó bá já, apá náà ti fara gbọgbẹ́, ẹni tí ó bá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní í fi bàálù náà ṣe ohun tí ó máa ń fi ti aláìlégbò ṣe.

Ohun kẹta ni ìkéde. Wọ́n ké gbàjarè lórí rédíò, wọ́n sì sọ fún àwọn tí ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ pé àwọn fẹ́ sọ̀kalẹ̀ kíákíá. Marseille ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń da epo nù, nítorí pé epo tí yóò gbé bàálù dé Kano pọ̀, ọkọ̀ tí ó wúwo sì ṣòro láti mú balẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n rí pápákọ̀ kan níwájú wọn tí ó súnmọ́ ju Marseille lọ. Istres ni, pápákọ̀ àwọn ológun òfúrufú Faransé, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì gùn. Wọn kò tún ronú nípa Marseille mọ́. Ibi tí ó súnmọ́ jù tí ó sì tó bàálù náà ni wọ́n mú.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ní àkókò yìí, ọwọ́ Berglund kò ráyè ohun mìíràn ju dídi bàálù mú lọ. Emery ni ó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, tí ó ń wo ojú ọ̀nà, tí ó sì ń ran ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Boone ni ó ń bójú tó epo, iná mànàmáná àti ẹ́ńjìnnì méjì tí ó ṣẹ́kù. Kò sí ẹni tí ó gba iṣẹ́ ẹnì kejì, kò sì sí ẹni tí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dojú kọ ìdarí, ta ni ìbá rí pápákọ̀ náà?

Bí wọ́n ti ń yí láti dojú kọ ojú ọ̀nà ni iná sọ ní apá ọ̀tún. Àwọn tí ó wà ní ilé-ìṣọ́ pápákọ̀ rí iná náà, wọ́n sì ta wọ́n lólobó. Kò sí àyè láti padà sókè mọ́, kò sì sí àkókò láti dúró. Nǹkan bí 350 kìlómítà ní wákàtí kan ni eré tí bàálù ń sá nígbà tí ó fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Eré yìí pọ̀ ju èyí tí 707 fi ń bà lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìmọ̀kan. Afẹ́fẹ́ tí ń sáré kọjá lára ìrù ni ó ń fún ìrù náà lágbára láti dá bàálù dúró tààrà. Bí eré bá dín, agbára ìrù a dín, ọkọ̀ a sì yí dànù. Àwọn atukọ̀ gbà kí wọ́n bà pẹ̀lú eré, kí wọ́n má baà ṣubú nítorí ìrọra. Bàálù sá lórí ilẹ̀, táyà bẹ́, ó sì yà kúrò ní ojú ọ̀nà sí apá òsì kí ó tó dúró. Àwọn panápaná ti wà ní sẹpẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa iná náà. Ènìyàn márààrún jáde láàyè.

Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti já títí dé ìgbà tí bàálù dúró, kò tó ìdajì wákàtí. Bàálù náà kò tún fò mọ́ láéláé. Lẹ́yìn èyí, Ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi àmì-ẹ̀yẹ Hugh Gordon-Burge dá àwọn atukọ̀ náà lọ́lá.

ÌDÍ Ọ̀RÀN

Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Faransé kó àwọn irin tí ó ṣẹ́ jọ, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní. Wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ìdè tí ó di òpó ẹ́ńjìnnì ìkẹta mú ti lanu tipẹ́. Kì í ṣe ìjì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìjì ni ó parí rẹ̀. Irin náà ti rẹ̀. Ó lè ṣe ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ irin ní kàyéfì pé irin ń rẹ̀ bí ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti tẹ wáyà síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà mọ̀ pé yóò dá bó pẹ́ bó yá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò lè dá a. Gbígbéra àti bíbà bàálù ń tẹ̀ irin bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ìlà tín-ín-rín kan a yọ lára rẹ̀. Ìlà náà a máa gùn sí i díẹ̀díẹ̀ láìpariwo, títí irin tí ó ṣẹ́kù kò fi ní í lè gbé ẹrù rẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa ewu yìí. Àṣẹ wà pé kí a máa yẹ àwọn ìdè wọ̀nyí wò láti ìgbà dé ìgbà lára gbogbo 707. Ohun tí àwọn olùwádìí sọ ni pé irú àyẹ̀wò tí àṣẹ náà là sílẹ̀ kò tó láti fi rí ìlà náà kí ó tó ṣe ọṣẹ́. Kókó pàtàkì ni èyí. Àṣẹ lè wà lórí ìwé, ènìyàn sì lè fọwọ́ sí i pé òun ti ṣe é, síbẹ̀ kí ògiri lanu. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá tó ẹ̀ka náà, kí ni yóò pẹ̀?

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ AMSTERDAM

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé oríire lásán ni ti Istres, kí ó wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ọdún 1992, bàálù akẹ́rù El Al ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, irú Boeing 747, gbéra ní Amsterdam. Kò pẹ́ tí ó gbéra ni ẹ́ńjìnnì ìkẹta já, tí ó sì gbá ìkẹrin lọ, gẹ́gẹ́ bí ti 5N-MAS. Nínú ọ̀ràn tiwọn pẹ̀lú, irin tí ó ti rẹ̀ ni ó fà á. Kódà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, ọdún 1991, irú rẹ̀ ti ṣe bàálù akẹ́rù China Airlines ní Taiwan, gbogbo àwọn márùn-ún tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sì kú.

Àwọn atukọ̀ El Al kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe òpè. Wọ́n gbìyànjú láti padà sí pápákọ̀ tí wọ́n ti gbéra. Ṣùgbọ́n láti ibi tí wọ́n jókòó nínú 747, ojú wọn kò tó ẹ́ńjìnnì. Wọn kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti já, wọn kò sì mọ bí apá ọ̀tún ti fara gbọgbẹ́ tó. Bàálù tiwọn tún tóbi, ó sì wúwo ju 707 lọ. Nígbà tí wọ́n ń dín eré kù láti balẹ̀, apá tí ó gbọgbẹ́ kò lè gbé e mọ́, ó sì ṣubú lu àwọn ilé gbígbé ní Bijlmermeer. Ènìyàn 43 ni ó kú, 39 nínú wọn jẹ́ ará àdúgbò tí ó jókòó sínú ilé wọn. Ọ̀pọ̀ olùgbé àdúgbò náà jẹ́ àwọn tí ó ṣí wá láti Suriname, àti láti Áfíríkà pẹ̀lú.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Istres àti Bijlmermeer kò sí nínú ìgboyà. Ìgboyà wà ní ibi méjèèjì. Ìyàtọ̀ náà wà nínú bí ọkọ̀ ṣe rí, nínú bí ọgbẹ́ ṣe tó, àti nínú pé àwọn kan rí ọgbẹ́ náà lójú tí àwọn kejì kò rí i.

BÍ Ó TI RÍ NÍ ILÉ

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 1991, bàálù DC-8 tí Nigeria Airways háyà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Nationair ti Kánádà gbéra ní Jeddah láti kó àwọn arìnrìn-àjò Mẹ́kà padà sí Sókótó. Táyà rẹ̀ kan kò ní afẹ́fẹ́ tó. Àwọn kan lára òṣìṣẹ́ mọ̀ kí ó tó gbéra, ṣùgbọ́n wọn kò pàrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí bàálù ń sáré láti gbéra, táyà gbóná, ó gbiná, wọ́n sì ká ẹsẹ̀ bàálù náà wọ inú pẹ̀lú iná. Àwọn àmì tí àwọn atukọ̀ rí dà wọ́n lójú rú, wọ́n rò pé ọ̀ràn afẹ́fẹ́ inú bàálù ni. Wọ́n yí padà, ṣùgbọ́n iná ti jẹ ọkọ̀ náà. Gbogbo ènìyàn 261 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ṣègbé. Owó táyà kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún owó bàálù.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà, ọdún 2012, bàálù Dana Air, irú MD-83, gbéra ní Àbújá lọ sí Èkó. Kò ju ìṣẹ́jú 17 lọ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan fi dẹ́kun láti dáhùn. Bàálù náà lè fi ẹ́ńjìnnì kan fò, ọ̀nà láti wá pápákọ̀ mìíràn sì ṣí sílẹ̀ fún àwọn atukọ̀. Wọ́n tẹ̀síwájú. Nígbà tí wọ́n súnmọ́ Èkó, ẹ́ńjìnnì kejì náà kò dáhùn mọ́, bàálù sì ṣubú sí Ìjú-Ìṣàgá. Gbogbo ènìyàn 153 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú, pẹ̀lú àwọn kan tí ó wà nílẹ̀. Nínú ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà ṣe, ohun mẹ́ta ni a rí tí ó kan àwọn atukọ̀: wọn kò lo ìwé ìlànà tí ó sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe bí ẹ́ńjìnnì bá kú, wọn kò mọ bí ọ̀ràn náà ti le tó, wọn kò sì bà sí pápákọ̀ tí ó súnmọ́ jù.

Ẹni tí ó bá fi èyí wé Istres yóò rí i pé ohun mẹ́ta kan náà ni, kìkì pé ọ̀kan ṣe é, èkejì kò ṣe é. Emery wo fèrèsé, ó mọ bí ọ̀ràn ti le tó. Ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ìlànà iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí pápákọ̀ tí ó súnmọ́, wọ́n fi èyí tí ó jìnnà sílẹ̀.

Ìjọba náà kò sùn pátápátá. Lẹ́yìn tí bàálù EAS já lu ilé ní Kano ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ọdún 2002, ìjọba fòfin de bàálù tí ó bá ti kọjá ọdún 22. Bí òfin náà bá ti wà ní ọdún 1992, 5N-MAS tí ó ti pé ọdún 28 kì bá tí gbéra rárá. Òfin ọdún 2006 dá àjọ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wádìí ìjàmbá ọkọ̀ òfúrufú, kí ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde fún aráyé. Ní ọdún 2022 ni àjọ náà di èyí tí ń wádìí ìjàmbá ọkọ̀ ilẹ̀, ti ojú irin àti ti ojú omi pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì, ọdún 2025, a rí ẹ̀rí pé ẹ̀kọ́ Istres lè di ti ilé. Bàálù Arik Air, irú Boeing 737, ń ti Èkó lọ sí Port Harcourt pẹ̀lú èrò 80. Ariwo ńlá bú jáde láti ẹ́ńjìnnì òsì, bàálù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn atukọ̀ náà kò sọ pé Port Harcourt kò jìnnà mọ́. Wọ́n yà sí Bìní, ìlú tí kò jìnnà sí Warri, wọ́n sì bà ní àlàáfíà. Nígbà tí wọ́n wo ẹ́ńjìnnì náà nílẹ̀, wọ́n rí i pé ó ti bàjẹ́ gidigidi. Kò sí ẹni tí ó farapa.

ÌGÚNLẸ̀

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó jáde nínú ìtàn yìí, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ pa èkejì lẹ́nu mọ́. Èkíní ni pé nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ lójú òfúrufú, ohun tí ń gba ẹ̀mí là ni kí a di ọkọ̀ mú lákọ̀ọ́kọ́, kí a wá ìdí ọ̀ràn, kí a pín iṣẹ́, kí a sì tètè balẹ̀ sí ibi tí ó súnmọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a lè kọ́ ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Ọjọ́ tí ilẹ̀ rọ̀ ni a ti ń kọ́ wọn, kí ọwọ́ lè mọ̀ wọ́n nígbà tí ọkàn bá ń já.

Èkejì ni pé a kò gbọdọ̀ fi ìyìn àwọn atukọ̀ bo ẹ̀bi àwọn tí ó wà nílẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí ó mú 5N-MAS balẹ̀ ṣe iṣẹ́ akin, ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí wọ́n bá jà kò yẹ kí ó ti ilẹ̀ gbéra. Ẹni tí ó fi iná tàn wo ìdè irin ní òru nínú ilé-ìtúnṣe, ẹni tí ó kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé nítorí táyà kan, àti ẹni tí ó bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn pé bàálù yìí kò tíì lè lọ, kò sí àmì-ẹ̀yẹ tí ń dúró dè wọ́n. A kì í kọ ìtàn wọn, nítorí pé ohun tí wọ́n dí lọ́nà kò ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí bàálù bá bà ní Osubi tí èrò sì sọ̀kalẹ̀ láìmọ̀ pé ewu kan tilẹ̀ wà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Àwọn ni ó ń di ẹnu ògiri kí aláǹgbá tó dé.